Ìwé sọ tirẹ̀, àgbà sọ tirẹ̀: báwo la ṣe ń yẹ ẹ̀rí ìtàn ìran wò ní Iléṣà àti Ifẹ̀?

Ọmọ Òkèsà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ ìtàn ìran bàbá mi sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó ṣẹ́kù tó lọ tán. Òkèsà ní Iléṣà ni agboolé wa wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni kò bára mu.

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà wa, 1987, sọ pé ẹni ọdún 112 ni wọ́n nígbà tí wọ́n papò dà, àti pé wọ́n bá Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, ja ogun Kírìjì tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sára sàárè wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, 1936, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ní òótọ́ ni pé "bàbá wa" jagun, pé wọ́n tilẹ̀ kó wọn lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ìlú fọ́, kí wọ́n tó sá padà wálé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sì ti ya àtẹ ìran sórí WhatsApp ẹbí, ó so wá mọ́ ọ̀kan nínú àwọn Ọwá, ọba Iléṣà, àtijọ́. Inú gbogbo ilé ń dùn sí i.

Èwo ni kí n dì mú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ pé "ìwé ni kí o gbà" tàbí "àgbà ni kí o gbà". Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Àbúrò mi, o káre láé. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má wá èwo nínú wọn ló ń parọ́. Ìwé kan lè sọ òótọ́ nípa ohun kan kí ó sì méfò nípa òmíràn nínú ìlà kan náà. Ẹnu ẹnìkan ló wà lẹ́yìn gbogbo ìwé. Wá ẹnu náà rí: ta ló sọ ọ́, níbo ló ti mọ̀ ọ́n, kí ló ń wá lọ́jọ́ tó sọ ọ́?

Mú ìwé ìgbéyàwó yẹn. Àlùfáà tó kọ ọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, àwọn tó fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, gbogbo ìyẹn ló fojú ara rẹ̀ rí. Ọjọ́ orí ńkọ́? Ta ló ní ìwé ìbí ní Iléṣà ní nǹkan bí 1906? Wọ́n bi ọkọ ìyàwó, ó ní bí ọgbọ̀n, wọ́n kọ ọgbọ̀n. Nítorí náà di ọjọ́ ìgbéyàwó mú gírígírí, kí o sì ka ọgbọ̀n ọdún yẹn sí ohun tó wà láàárín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí márùndínlógójì.

Wá mú ìwé ètò ìsìnkú. Ọmọ-ọmọ kan tó mọ̀wé ló jókòó kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wá màlúù àti kánópì kiri. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà kan tàbí méjì, ó sì fẹ́ yẹ́ bàbá sí, bó ti yẹ kó rí. Ọjọ́ ikú tó kọ síbẹ̀ dájú. Orúkọ àwọn ìyàwó àti ọmọ dájú dé ààyè kan, ṣùgbọ́n yẹ ẹ́ wò bóyá wọ́n yọ ẹnìkan sílẹ̀, nítorí ìjà ilé máa ń hàn nínú ìwé ìsìnkú. Ọjọ́ ìbí ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Sàárè yẹn kì í sì ṣe ẹ̀rí kejì. Inú ìwé ìsìnkú ni ẹni tó fín in ti wò ó. Ẹnu kan ṣoṣo ló gba ọ̀nà méjì jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó kú ní 1987 ní ọmọ ọdún 112, 1875 ni wọ́n bí i. Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, àgọ́ ogun tú ní 1893. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà àdéhùn. Ó lè ru ẹrù ní àgọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, ká fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n 1870 ni Ìbàdàn fọ́ Iléṣà. Ẹni tí wọ́n bí ní 1875, báwo ni wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní 1870? Lójú tèmi, ẹni méjì ni wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ di ẹnì kan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ìtàn ìran, pàápàá bí bàbá àti ọmọ bá jọ ń jẹ́ orúkọ tó jọra.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, padà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kí o jókòó tì wọ́n. Nínú agboolé, "bàbá wa" lè jẹ́ bàbá tó bí mi, ó lè jẹ́ bàbá tó bí bàbá mi, ó sì lè jẹ́ olórí ilé tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ̀gbọ́n mi": ṣé ọmọ ìyá kan náà ni, àbí ọbàkan, àbí ọmọ àbúrò bàbá? Bèèrè ìyá tó bí i. Bí wọ́n bá dárúkọ ìyá, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Má bi wọ́n ní ọdún. Bí o bá fipá mú àgbà kí ó dárúkọ ọdún, á dárúkọ ọ̀kan kí o lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Bi wọ́n pé: ta ló pọn ta? Ẹni tó pọn ẹnìkan sẹ́yìn fi bí ọdún méje mẹ́jọ jù ú lọ, ó kéré tán. Ta ni wọ́n jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà? Ọwá wo ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n kan páànù sílé? Atáyéró wàjà ní 1920, Arómọláràn Kìíní jẹ títí di 1942, Ajímọ̀kọ́ Kejì títí di 1956. Ṣé wọ́n ti gbéyàwó nígbà tí wòlíì Bàbálọlá ṣe ìsọjí ní Òkè-Òye ní Iléṣà? July 1930 nìyẹn. Gbogbo Ìjẹ̀ṣà ló gbọ́ ọ, kò sì sí ilé tí wọn kò ti máa sọ ẹni tó lọ bumi wá. Ṣé ṣílè ni wọ́n fi san owó orí wọn àbí náírà? January 1973 ni náírà dé. Ní Ifẹ̀ ẹ ṣọ́ra díẹ̀, nítorí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí lo àádọ́ta ọdún, láti 1930 dé 1980. Bí ẹnìkan bá ní "nígbà Adérẹ̀mí", kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí o tún wo orúkọ. Babátúndé nínú àwọn ọmọ ìyá bàbá àgbà rẹ ń sọ fún ọ pé bàbá àgbà tiwọn, tàbí àgbà ọkùnrin mìíràn nínú ilé, ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Yétúndé bẹ́ẹ̀ náà. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé: ọmọ ti kú ṣáájú wọn, nítorí náà àlàfo tí o rí láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kì í ṣe òfìfo. Bí o bá gbọ́ Ìdòwú tí o kò gbọ́ ìbejì, bèèrè ìbejì.

Àkànbí Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ fi oríkì kún un. Bí ìyá àgbà bá ń kí ọmọ ilé láàárọ̀ ní "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Olófà mọjọ̀, ọmọ Ọlálọmí", Ọ̀fà ni orírun yẹn ti wá, ibi yòówù kí ilé wà lónìí. Ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ níbí, ìran àwọn tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú wa, ilé méjì tó fara kan ara lè ní oríkì orílẹ̀ tí kò jọra rárá. Mo fẹ́ràn oríkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nítorí pé ẹni tó ń kì í kò ní láti lóye rẹ̀ kí ó tó há a sórí. Ọ̀rọ̀ tí ìtàn ti gbàgbé á ṣì wà níbẹ̀: orúkọ odò kan, orúkọ ọjà kan, iṣẹ́ tí ilé ń ṣe kí wọ́n tó di àgbẹ̀ kòkó.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò to àsìkò. Kò ní sọ ẹni tó ṣáájú ẹni. Ìyàwó ilé sì ń kó oríkì ilé bàbá tirẹ̀ wá, ó fi ń kí ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ìran méjì ọmọ á rò pé ti ilé bàbá òun ni. Ti onírárà tó ń wá owó lóde ìnáwó, ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú àtẹ ìran.

Èèwọ̀ ilé àti ilà ojú náà ń jẹ́rìí, bí a bá kó wọn pọ̀ mọ́ oríkì. Wọn kò lè dá dúró.

Ọmọ Òkèsà

Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun sà. Mo ti padà lọ bá màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn. Mo bèèrè bí ẹ ṣe ní kí n bèèrè. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá àwọn ni wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn, ọmọdé tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sódò ni nígbà náà. Wọ́n ní òun náà ló jagun lẹ́yìn náà. Bàbá àgbà mi kò jagun kankan. Àbúrò tó tẹ̀ lé bàbá àgbà ń jẹ́ Babátúndé.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ó ń tò nìyẹn. Bí ẹni tí wọ́n kó bá tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1870, á lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún ní àárín Kírìjì, ìyẹn bá jíjagun mu. Á tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ní 1906. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Bàbá àgbà rẹ á wá jẹ́ ẹni nǹkan bí ọgọ́rin ọdún nígbà tó kú.

Ṣùgbọ́n "ó jọ bẹ́ẹ̀" ni kí o kọ, kí o sì kọ ìdí. Ẹni tó máa tẹ̀ lé ọ gbọ́dọ̀ rí ibi tí okùn ti tínrín.

Lọ́yà Ìrẹ̀mọ

Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Bí agboolé yín bá ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí, ìwé ẹjọ́ náà ni kí ẹ lọ wá, ti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ àtijọ́ àti ti kọ́ọ̀tù gíga. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ìran òun ni gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, bí ó ṣe dé ibẹ̀, àti àwọn tó jogún rẹ̀ tẹ̀ léra wọn títí dé ọ̀dọ̀ òun. Ó búra kí ó tó sọ ọ́. Lọ́yà ọ̀tá rẹ̀ á sì dìde láti gbọn ọ̀rọ̀ náà wò. Kò sí àlejò ọjọ́ kan tó lè bi àgbà ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀.

Àmọ́ ẹ rántí ohun tí wọ́n ń jà fún. Ẹni tó ń du ilẹ̀ kì í gbàgbé baba ńlá tó fún un lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó lè dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù ni kò ní rántí: ọmọ obìnrin ilé, àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nítorí náà ka ẹ̀rí apá kejì pẹ̀lú. Bí àwọn ọ̀tá méjì bá fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ ẹnìkan, orúkọ yẹn lágbára ju èyí tí apá kan nìkan mú wá.

Ìlànà kan wà tí àwa lọ́yà ń lò lójoojúmọ́ tó máa ṣe olùwá-ìran láǹfààní. Ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie ni, tó wá láti Gold Coast (Ghana òde òní), tí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn òyìnbó nígbà náà, dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957. Ìtàn àbáláyé méjì kọlu ara wọn. Wọ́n ní kí adájọ́ má gbé e lé bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, nítorí ọmọ lè gbọ́ àṣìsọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ kí ó sì gbà á gbọ́ láìlẹ́tàn. Kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún tó sún mọ́ wa, tí ẹ̀rí wà fún, kí ó sì yẹ èyí tó bá a mu jù nínú ìtàn méjèèjì.

Ẹ lò ó nínú ilé. Ẹ̀ka méjì ní àwọn ni ọmọ baba ńlá kan: ta ni wọ́n ń sin sínú ilé náà? Ta ló ń pín nínú owó kòkó? Bí olórí ẹbí bá kú, ẹ̀ka wo ni wọ́n ń pè wá yan òmíràn?

Ọmọ Òṣómàáló, Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ má wá gbogbo nǹkan sí Iléṣà. Òṣómàáló ni bàbá mi àti bàbá rẹ̀, aṣọ àwìn ni wọ́n ń tà kiri. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kú ní Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò lè ní ìwé ní ibẹ̀ ju èyí tó ní nílé lọ. Ẹ bèèrè ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ìlú tí wọ́n gbé. Wọ́n ń kọ ẹni tó wọlé, ẹni tó san owó, ẹni tí wọ́n bá sin òkú bàbá rẹ̀, àti abúlé tí wọ́n lọ sin ín sí.

Ẹ tún tú àpótí. Rìsíìtì owó orí ni ohun tó wúlò jù nínú tiwa. Bébà pẹlẹbẹ kan ni, ó ti pọ́n bí epo, nọ́ńbà wà lókè, lẹ́yìn náà ọdún, iye ní pọ́n-ùn àti ṣílè, àdúgbò, àti orúkọ bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ létí. Ó fi hàn pé ẹni náà ti dàgbà tó ẹni tó ń san owó orí ní ọdún yẹn, àti àdúgbò tí wọ́n kà á mọ́. Kò sọ ọjọ́ orí. Kò sì sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú owó wá, ará ilé lè bá a san án.

Orúkọ ni ẹ máa ṣọ́ jù. Ṣ ni wọ́n ń kọ bíi sh, ẹ lè rí ọ tí wọ́n kọ bíi aw, Iléṣà ń jẹ́ Ilesha. Èyí tó ṣì máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé kò sí orúkọ ìdílé bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ọmọ ìyá mẹ́ta lọ sí ilé ìwé mẹ́ta: ọ̀kan fi orúkọ bàbá ṣe tirẹ̀, èkejì fi ti bàbá àgbà, ẹ̀kẹta fi oríkì rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Fá- tàbí Ògún- tún lè ti yí i sí Olú- tàbí Jésù- lẹ́yìn ìrìbọmi. Bí ẹ bá ń wá orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé, ìdajì ẹbí á kọjá lójú yín.

Adéọlá, ilé ìkówèésí

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí ìwé wà. National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ni ẹ máa rí fáìlì ìjọba amúnisìn tó kan Ifẹ̀ àti Iléṣà. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìjọba pín wọn sí nígbà náà, nítorí náà ẹ bèèrè "Oyo Prof", ìyẹn fáìlì ẹkùn (Province) Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ti ẹ̀ka Ifẹ̀ àti ti Iléṣà. Àríyànjiyàn oyè àti ẹ̀bẹ̀ àwọn ìdílé pọ̀ nínú wọn. Àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Intelligence Report, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó kọ ní àwọn ọdún 1930, ní ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tó jókòó níwájú òyìnbó lọ́jọ́ náà. Ìjòyè tó mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ ló máa pinnu ipò òun ni. Ìtàn rẹ̀ á dúró níbi tó ṣe é láǹfààní.

Ní OAU, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ẹ lọ sí Hezekiah Oluwasanmi Library àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, lórí ìlú kan, oyè kan, àdúgbò kan. Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn àgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ọjọ́ tí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Àgbà tí ẹ kò lè bá mọ́ lè ti sọ tirẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún 1978.

Gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ bí ẹni pé ohùn kan ló wà nínú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Johnson wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ nígbà Kírìjì. Ohun tó kọ nípa ọdún wọ̀nyẹn súnmọ́ ohun tó fojú rí. Èyí tó kọ nípa Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, ẹnu Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé kan náà, agbára rẹ̀ kò dọ́gba láti orí kan sí èkejì.

Àgbà Ìlú

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu àgbà ni ẹ ń fi sí ìdí, tí ìwé ń jókòó sórí àga. Àrọ̀bá ni baba ìtàn. Kí òyìnbó tó gbé kàlámù wá, ilé kọ̀ọ̀kan ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú. Nígbà Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀, nígbà Ìwúde ní Iléṣà, agboolé tó ń ṣe nǹkan kan kò gbà á láti inú ìwé. Ta ló ń ṣáájú, ta ló ń gbé kiní kan, ta ni Ọwá máa ń yà sílé rẹ̀? Ẹ lọ wò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni níbí fẹ́ rẹ ẹnu àgbà sílẹ̀. Ohun tí ẹ mú wá yìí tilẹ̀ lágbára ju ìtàn inú pálọ̀ lọ, nítorí ojúta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, níṣojú àwọn ilé yòókù. Bí ilé kan bá gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, ariwo á sọ lọ́jọ́ náà. Mo kàn máa fi kún un pé kí a bèèrè láti ìgbà wo. Ọba lè ti fi iṣẹ́ kan ta ẹnìkan lọ́rẹ ní ọdún 1950, kí ọmọ rẹ̀ sì máa sọ pé láti ayébáyé ni.

Tòkunbọ̀, Hústọ̀nù

Ṣé àyẹ̀wò DNA lè parí ọ̀rọ̀ yìí?

Adéọlá, ilé ìkówèésí

Ó lè dáhùn ìbéèrè díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Apá tó ń sọ pé "ìdá báyìí rẹ jẹ́ Nàìjíríà", ẹ má gbé e sọ́kàn. Àwọn èèyàn tí ilé iṣẹ́ náà ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi ọ́ wé. Kò lè mọ Òkèsà yàtọ̀ sí Ìrẹ̀mọ. Apá tó wúlò ni ti ẹni tó bá ọ tan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tí bàbá àgbà àti ìyá àgbà kan náà bí òbí wọn máa ń ní nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún pa pọ̀. Bí ọkùnrin méjì láti ẹ̀ka méjì bá ní baba ńlá kan náà ni ó bí àwọn, ọmọkùnrin sí ọmọkùnrin, àyẹ̀wò Y, ìyẹn apá DNA tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan, lè fi hàn bóyá ó ṣeé ṣe. Kò ní dárúkọ bàbá náà. Ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹ sọ fún un ṣáájú pé ó lè tú àṣírí tí kò sẹ́ni tó wá a.

Ọmọ Òkèsà

Ọ̀rọ̀ Ọwá tó wà lórí WhatsApp yẹn wá ńkọ́? Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tó ti rí i. Ó ní àwọn àgbà ti máa ń sọ pé "ọmọ Ọwá ni wá", pé ó tún wà nínú oríkì.

Àgbà Ìlú

Ọmọ Ọwá ni gbogbo Ìjẹ̀ṣà, ọmọ mi. "Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko." Ṣé ilé ọba nìkan ni wọ́n ń kì níbẹ̀? Alágbẹ̀dẹ ni, ọdẹ ni, gbogbo wa ni.

Lọ́yà Ìrẹ̀mọ

Bàbá ti dáhùn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ọba ni ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wá ìwé tí wọ́n ń pè ní declaration, tí ìjọba ń tọ́jú. Òfin àwọn ọba àti ìjòyè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1957 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ àwọn ilé tó ń jọba, bí wọ́n ṣe ń yí i, àti àwọn tó ń yan ọba wà níbẹ̀. Kò ní orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ. Ohun tó máa kù fún yín ni láti fi hàn, ìran kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹ ṣe dé inú ilé náà. Àtẹ orí WhatsApp yẹn fo láti bàbá àgbà yín bọ́ sórí Ọwá ayé àtijọ́. Àwọn tó wà láàárín dà? Ẹ sì bèèrè ti ìyá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ọmọbìnrin ilé ọba ni ìyá ńlá wọn, ìyẹn sì ń jẹ́ òtítọ́ tó yẹ ká kọ bó ṣe rí.

Ìyá Ìbejì

Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ lórí nǹkan kan. Nínú gbogbo ìtàn ogun wọ̀nyí, ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, àwọn tí wọ́n kó wá sí Iléṣà náà wà, kì í ṣe àwọn tí wọ́n kó lọ nìkan. Ọmọ wọn ti di ọmọ ilé, wọ́n ń jogún, wọ́n ń joyè. Bí àgbà bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ọ́, kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ, má gbé e sórí ẹ̀rọ níbi tí ọmọdé ilé á ti fi bú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ọmọ tí wọ́n bí níta bẹ́ẹ̀ náà.

Rábì Ìlódè

Ẹ ṣàánú àwa Mùsùlùmí o. Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kò ní rẹ́jísítà ìrìbọmi. Níbo la máa wá?

Ọmọ Òṣómàáló, Jọ́ọ̀sì

Páásípọ́ọ̀tù Mẹ́kà ti àwọn alhájì àtijọ́, àǹtí, fọ́tò wà nínú rẹ̀. Ìwé owó ẹgbẹ́ àsàlátù náà wà. Rẹ́jísítà ilé ìwé sì wà fún gbogbo wa, yálà Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí inú rẹ̀ ńkọ́! Ní January 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó bá lè na ọwọ́ kọjá sórí kí ó fọwọ́ kan etí kejì ni wọ́n ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí fún un. Ọjọ́ yẹn ló gbé lọ sí ibi iṣẹ́, ló gbé lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ló fi gba páásípọ́ọ̀tù. Ìwé mẹ́rin, orísun kan.

Ọmọ Òkèsà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ya ẹni méjì sọ́tọ̀ lórí àtẹ tèmi: ẹni tí wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn, àti ọmọ rẹ̀ tó gbéyàwó ní 1936. Mo kọ "màmá sọ" sí ẹ̀gbẹ́ èyí àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àwọn tó wà níbẹ̀. Àtẹ WhatsApp, mo ti bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí ó fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí kò sí orúkọ. Ó gbà. Mo fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Kí ni kí n bèèrè níbẹ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ìwé ìrìbọmi. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní 1936 ti gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi ṣáájú, bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti dàgbà kí ó tó ṣe é, orúkọ bàbá rẹ̀ lè wà níbẹ̀, àní orúkọ tí bàbá náà ń jẹ́ nílé kí ìgbàgbọ́ tó dé. Bẹ̀rẹ̀ láti 1936, máa padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbà kí o ya fọ́tò, ya gbogbo ojú ewé pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, má ya ìlà kan ṣoṣo. Àwọn tó bọ́ sómi lọ́jọ́ kan náà lè jẹ́ ará ilé kan náà, wo àdúgbò wọn àti ẹni tó dúró fún wọn. Kí o tó kúrò níbẹ̀, béèrè bóyá ìjọ wọn ní ìwé tó dàgbà ju èyí lọ tí wọ́n ti kó lọ sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù tàbí sí Ìbàdàn.